Àṣàkẹ́, má tíì fún wọn ní lẹ́tà yẹn

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lóru Sátidé fún mi. Lẹ́yìn náà mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà fúnra mi. O ní lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti wà nílẹ̀, pé ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí o tó gbé e ka iwájú àwọn ọ̀gá báńkì yín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mi ò ní kí o kú síbẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé má fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìwé tó yẹ kí àwọn kọ fún ọ. Mi ò sì ní wá máa sọ fún ọ pé sùúrù ni baba ìwà. O ti gbọ́ ìyẹn yó láti kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìnísùúrù ló ń dà ọ́ láàmú.

Ohun tí wọ́n ṣe burú. Wọ́n pe gbogbo yín jọ, ọ̀gá àgbà dìde, ó ní mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo yín, kò sẹ́ni tọ́rọ̀ máa kàn. Kó tó pẹ́, àwọn kan dé ẹnu iṣẹ́, káàdì wọn ò ṣílẹ̀kùn mọ́. Àwọn tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán. Síkiọ́ríìtì tó ń kí wọn "ẹ káàárọ̀ mà" lánàá ló dúró tì wọ́n tí wọ́n fi kó ẹrù wọn sínú páálí. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta wá bọ́ sí ọ lọ́rùn, owó oṣù rẹ ò kúrò níbi tó wà, wọ́n tún ní kí o máa dúpẹ́ pé orúkọ rẹ ò jáde. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ta ní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ?

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé orí máníjà rẹ ni gbogbo ìbínú náà kó sí. Mo mọ ipò tí ọkùnrin yẹn wà. Bí báńkì bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, iye ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ látòkè: mú èèyàn báyìí wá nínú ẹ̀ka rẹ. Òun kọ́ ló dá iye náà, kò sì lẹ́nu láti sọ pé òun ò ṣe. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ náà ti wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mi ò ní kí o fẹ́ràn rẹ̀ ṣá. Ẹni tó ń peni láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú torí iṣẹ́, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ìfẹ́ rẹ̀ ti yẹ. Àmọ́ bí o bá bá a fa wàhálà, ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni o bá fà á.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù Keje 2004, Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé kí owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù, kó di ₦25 bílíọ̀nù, kó tó di ìparí 2005. Báńkì 89 ló wà lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, 25 ló kù. Àwọn tó kà á nínú ìwé ìròyìn ní àtúnṣe ni, àtúnṣe náà sì ni lóòótọ́. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ rí i báyìí: báńkì mélòó kan wọnú ara wọn, ẹ̀ka mẹ́ta wá wà ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, olúṣirò mẹ́ta ń wo àga kan.

Wọn ò dédé lé wa. Wọ́n ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan ti wà lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, pé "èmi lágbájá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́". Ibi ìbuwọ́lùwé nìkan ló ṣófo. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, àwọn á kọ ìwé ẹ̀rí rere fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń jókòó, kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó o nínú wa. Inú bí i. Ó ní wọn ò ní lé òun, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó fọwọ́ sí i, ó gbé orí sókè jáde, gbogbo wa ń wò ó bí akọni. Nígbà tó padà wá bèèrè owó ìdádúró, wọ́n na ìwé sí i: ìwọ lo fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ owó oṣù kan dípò nótíìsì tí kò fún wọn. Ẹ̀yáwó tó fi ra mọ́tò, tí ì bá fi ọdún mẹ́ta san, wọ́n ní kó kó o wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mọ́tò náà ló fi dí i.

Obìnrin kan, káṣíà, ni wọ́n pè wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó dá a padà sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ mi mọ́ sà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́." Wọ́n halẹ̀, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Nígbà tó yá wọ́n fún un ní ìwé gbélé-ẹ àti owó rẹ̀. Owó náà ò pọ̀, ó fi ra aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Gbági. Kò sẹ́ni tó pè é ní akọni lọ́jọ́ yẹn.

Lóde òní, National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ti gbà pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, lílé ni wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ipá ni. Ìwọ tó o kọ tìrẹ nílé, lóru Sátidé, lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ, ẹ̀rí wo lo fẹ́ mú dání lọ?

Nítorí náà, kó ìwé rẹ jọ ná. Wá lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ àti ìwé òfin òṣìṣẹ́ báńkì yín, kí o ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nótíìsì, ẹ̀yáwó, àti owó tó tọ́ sí ẹni tí wọ́n bá dá dúró. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 20, sọ pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ dín èèyàn kù gbọ́dọ̀ sọ ìdí àti iye rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba, pé kí wọ́n sì sapá láti jọ dúnàádúrà lórí owó ìdádúró. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ akọ̀wé àti ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ agbára ni òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Onípò bíi tìrẹ, àdéhùn tó o fọwọ́ sí ni òfin rẹ. Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nípa ASSBIFI, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ onípò ní báńkì, lọ́jọ́sí nìyẹn, tí o ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ni. Wá wọn lọ. Ní oṣù Kẹfà 2016, nígbà tí àwọn báńkì ń lé èèyàn bí ẹni ń gbálẹ̀, ariwo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà lára ohun tó mú Ngige, mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà, sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ náà. Láti òfin 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó rẹ, báńkì sì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Kí wọ́n yọ ọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n san án. Béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ PFA rẹ, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ, kí o wò ó bóyá oṣù kan ò sọnù. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí òmíràn, ó lè gba tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo wí, kì í ṣe ọjọ́ Ajé.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ rèé. O kọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, pé o ti ń lo tókìn ẹni tí wọ́n lé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó lórí kọ̀ǹpútà, láti fi parí iṣẹ́. Àṣàkẹ́! Ẹni tó tẹ owó sínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Torí olè la ṣe pín in sọ́wọ́ èèyàn méjì. Bí wọ́n bá lé ẹnì kejì tí wọ́n kó méjèèjì fún ọ, ọjọ́ tí owó bá yọ́ sọnù, orúkọ rẹ nìkan ni yóò wà lójú ìwé, kò sì sẹ́ni tí yóò rántí pé ó ti rẹ̀ ọ́. Dá tókìn náà padà lọ́la. Kọ ímeèlì pé o dá a padà. Bí iṣẹ́ bá dúró, kó dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá máníjà rẹ jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́rin ni mo lè ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú, èwo ni kó dúró?" Ohun tó bá sọ, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kó wà lákọsílẹ̀. Bó bá ní gbogbo rẹ̀ ni kí o ṣe, kọ ìyẹn náà.

Nípa ara rẹ: ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ irú àárẹ̀ yìí sílẹ̀. Wọn ò pè é ní àrùn, wọ́n ní ẹnu iṣẹ́ ló ti ń wá, látinú wàhálà tí wọn ò bójú tó. Wọ́n ka àmì mẹ́ta: kí agbára tán pátápátá, kí iṣẹ́ máa súni tàbí kí ọkàn jìnnà sí i, kéèyàn máa rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. O kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìyá rẹ láìmọ̀. O sùn títí, ó ṣì rẹ̀ ọ́. Oníbàárà ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pariwo mọ́ ọn. O wá ní bóyá o ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí rí. Ìwọ tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá!

Gba lìífù rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, pé ẹni tó bá kúrò lórí àga lásìkò yìí, ó lè má bá a mọ́. Mo rí àwọn tí ń pẹ́ níbi iṣẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ní 2005, wọ́n lọ bí àwọn tó ń tètè lọ ilé ṣe lọ. Iye owó oṣù àti ẹ̀ka ni wọ́n fi ń kọ orúkọ, wọn kì í ka wákàtí. Lo HMO rẹ náà, ètò ìlera tí báńkì ń san fún ọ, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ wò, kí o sì sọ fún dókítà pé o kì í sùn dáadáa. Má sọ pé orí ń fọ́ ọ lásán.

Nípa tilé: owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù, dá a dúró láti oṣù tó ń bọ̀. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi kéré, àmọ́ ó ń wọlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ò tíì kú. Owó ilé-ìwé àbúrò rẹ, san ìdajì, a ó wá ìyókù. Bí àǹtí rẹ ti Òṣogbo bá pè nípa aṣọ ẹbí, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kí o má rà á. Èmi ni kó wá bá jà, ara mi ti gbà á. Máa kó owó náà jọ títí yóò fi tó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tó bá pé, bí o bá ṣì fẹ́ fún wọn ní lẹ́tà náà, fún wọn. Mi ò ní bi ọ́ ní ìdí, ìyá rẹ á sì ti se ìrẹsì dè ọ́.

Nígbà tí o bá rí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ, ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, títí kan ẹ̀yìn. Fóònù ara rẹ ni kí o lò o, má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ránṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìbàdàn.