Oògùn mẹ́ta nítorí ìtọ̀ tó ń ta mí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Lóṣù tó kọjá, bí mo bá ti ń tọ̀, á máa ta mí bí ìgbà tí wọ́n bu ata sí i. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, torí àtọ̀sí ni wọ́n máa ń pè é lọ́jà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àtọ̀sí. Mo yà sílé oògùn kan. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gé cipro, ó gé Ampiclox, ó fi Flagyl lé e, oògùn apakòkòrò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dì í sínú ọ̀rá funfun: “Ẹ lò wọ́n pọ̀, Màmá.” Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bì. Ìtọ̀ ò yé ta mí.

Ọsibítù ni wọ́n ti gba ìtọ̀ mi sínú ike kékeré. E. coli ni wọ́n bá níbẹ̀, kòkòrò tó máa ń gbé inú ìfun wa. Wọ́n dán oògùn wò lára rẹ̀, cipro ò ràn án rárá. Nitrofurantoin nìkan ni wọ́n fún mi, ọjọ́ 5, ara sì tù mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn, ẹ máa bi wá bóyá a lóyún, bóyá ara ń gbóná, bóyá ìhà ń dùn wá, torí ó lè ti dé kíndìnrín, ọsibítù ló sì kàn nìyẹn. Dókítà lè po oògùn fún ẹni tí tirẹ̀ le. Bí ẹ bá po ó fún irú tèmi yìí, ẹ̀ ń kọ́ kòkòrò níjà lásán ni, kí oògùn má baà ràn án mọ́.

Kí ìjọba Ògùn bá wa dín owó àyẹ̀wò ìtọ̀ kù.

Ìyá Aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.