Ẹ̀sùn Lórí Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Rédíétọ̀ Tí Ẹ Tà fún Mi

Houston, Texas

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Yorùbá ni a fi ná ọjà yìí lórí fóònù, òun náà ni mo fi ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ọ̀rọ̀ mi kò yé òun. Rédíétọ̀ omi, rédíétọ̀ ọ́ìlì àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ oní-fáíbà tó gbé àwọn méjèèjì dání ni mo rà lọ́wọ́ yín, fún bàálù oníjókòó méjì tí mo kàn sínú gáréèjì mi. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 ULS, agbára ẹṣin 100, ló wà níwájú rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo sọ kí n tó sanwó, ẹ sì ní ohun tí ẹ ń tà bá a mu wẹ́kú.

Kò bá a mu rárá.

Rotax tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kìlọ̀ pé kúláǹtì rẹ̀, ìyẹn omi tó ń tù ú, kò gbọdọ̀ kọjá 120°C, ọ́ìlì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 130°C. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru ìgboro tó 35°C, mo gbéra, mo ń gòkè ní ìwọ̀n eré tí ìwé bàálù náà là sílẹ̀. Kí n tó dé ẹsẹ̀ bàtà 2,000, kúláǹtì ti wọ 118, ọ́ìlì ti wọ 126, abẹ́rẹ́ méjèèjì kò sì dúró. Mo dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, mo tẹ imú bàálù wálẹ̀, mo padà sí pápá. Inú wákàtí 40 ìdánwò tí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ fún mi ni mo ṣì wà, èmi nìkan ni mo sì ń fò. Bí mọ́tò bá hó, a ó pa á sẹ́bàá títì, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibo ni kí n pa tèmi sí?

Ọmọkùnrin tó gbé fóònù yín ní kí n máa gòkè díẹ̀díẹ̀, pé ó lè jẹ́ pé géèjì mi ló ń parọ́. Mo yọ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, mo tì wọ́n bọ omi híhó. 100 ni wọ́n kà, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ní ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba bíi tiwa. Géèjì kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá tú ìderí imú bàálù, mo wo iṣẹ́ yín dáadáa. Àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan wà láàárín etí fáíbà àti ara rédíétọ̀ omi, láti òkè dé ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún. Ibi tó bá rọ afẹ́fẹ́ lọ́rùn jù ló ń gbà. Tí àlàfo bá ti ṣí sílẹ̀ fún un, kí ló fẹ́ wá ṣe láàárín irin wẹ́wẹ́ rédíétọ̀? Mo fi fóòmù àti téèpù alumíníọ̀mù dí i. Ooru dín díẹ̀, kò dín tó.

Bí ẹ ṣe ya ọ̀nà náà gan-an ni ẹjọ́ wà. Ẹnu rẹ̀ kéré, ìyẹn dára. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ sáré wọlé, kí ọ̀nà máa fẹ̀ ní sùúrù, kí eré afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kí ìfúnpá rẹ̀ ga, kó lè fi la rédíétọ̀ kọjá. Kò yẹ kí ògiri là ju bíi dígírì 7 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo wọn tiyín, 30 ni. Ògiri tó bá là gbàgà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á já kúrò lára rẹ̀, á máa pòyì lójú kan. Mo lẹ òwú kéékèèké mọ́ ojú rédíétọ̀, mo de kámẹ́rà sí i, mo fò ó. Òwú àárín na tààrà sẹ́yìn. Ti òkè àti ti igun ń jó kiri, àwọn kan tiẹ̀ kọjú síwájú. Ìdajì rédíétọ̀ tí mo sanwó rẹ̀ ni kò ríṣẹ́ ṣe.

Ẹnu àbájáde tún wá kéré ju ẹnu àbáwọlé lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ti wú, àyè tó ń fẹ́ ti pọ̀ sí i. Mo bu omi aláró sínú rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀, mo fi wọn ìfúnpá iwájú àti ẹ̀yìn rédíétọ̀. Agbára káká ni omi náà fi yẹ̀, ìyẹn ni pé ìfúnpá iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Kí ló wá fẹ́ ti afẹ́fẹ́ kọjá? Ẹ sì to rédíétọ̀ ọ́ìlì sẹ́yìn ti omi, kí afẹ́fẹ́ tí omi ti sè tán wá máa tu ọ́ìlì.

P-51 Mustang, bàálù ogun Amẹ́ríkà ayé Ogun Àgbáyé Kejì, ni ẹ fi polówó fún mi, pé rédíétọ̀ yín yóò máa ti bàálù síwájú bíi tirẹ̀. Ẹnjiníà kan, F. W. Meredith, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1935: ooru rédíétọ̀ lè fún afẹ́fẹ́ ní agbára bó ṣe ń jáde, kó sì dá díẹ̀ padà nínú ohun tí rédíétọ̀ ń fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Mustang gùn, ilẹ̀kùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dá ṣí bí ooru bá pọ̀, tó ń dá pa dé bó bá tutù. Ẹ fi ilẹ̀kùn tiyín hàn mí.

Irin ìdìmú yín kò tún ní rọ́bà lábẹ́, ó ti ń fá ara rédíétọ̀.

Ẹ dá owó ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà padà, dọ́là 1,850, pẹ̀lú owó tí n ó fi fi í ránṣẹ́ sí yín. Rédíétọ̀ méjèèjì dára, mo fẹ́ wọn. Ẹ má fi òmíràn tó ti inú mọ́ọ̀dù kan náà jáde rọ́pò rẹ̀, n ò ní gbà á. Kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ra irú rẹ̀, kí wọ́n má fi í gòkè nínú ooru. Ẹlòmíràn lè má sí nítòsí pápá.

Àwòrán òwú, nọ́ńbà géèjì àti ìwọ̀n igun wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí n kò gbọ́ nǹkan kan, báńkì mi yóò fa owó náà padà lórí káàdì, n ó sì kọ̀wé sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas.

Èmi ni,
Oníbàárà yín