Kì í ṣe ẹ̀bi olóṣèlú nìkan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń pín nídìí àpótí ìdìbò ni mo fẹ́ dá sí. Lójú tèmi, ọgbọọgba ni ẹ̀bi ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 pàápàá kò dá ẹnì kan sí: ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000, tàbí méjèèjì, ló là kalẹ̀ nígbà náà.

Kí n má purọ́, èmi náà ti gbà rí. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni, wọ́n fi bébà ìpolongo wé e. Mo fi ra òwú ìránṣọ àti epo jẹnẹrétọ̀, kò sì di ọjọ́ kejì tó fi tán. Nígbà tí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi dí, tí àgbàrá ń wọlé bá aṣọ oníbàárà, mo lọ bá ẹni tí a dìbò fún. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Bàbá, ṣé a ò ti yanjú tiyín ni?" Mi ò lè fèsì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn bo àwọn aṣáájú láṣìírí. Kí wọ́n lẹ iye tó ń wọlé àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, ká máa kà á.

Ọmọdé ni mí nígbà ìdìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn tó dá "wẹ́tìẹ̀" sílẹ̀, ìyẹn dída epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé láti dáná sun wọ́n. Kì í ṣe àwọn olóṣèlú fúnra wọn ló ń gbé epo kiri lóru. Àwọn ọmọ àdúgbò ni.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.