Sólà ti pọ̀ lórí òrùlé Abuja, ta ló ń wo níútírà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ iná ní Abuja ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Lugbe, Kubwa àti Gwarinpa. Bí fíríìjì bá jó lọ́sàn-án gangan, àwọn oníná la máa ń bú. Nígbà mìíràn, sólà tí a so mọ́ wáyà àdúgbò láìwọn nǹkan kan ló fà á.

Ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di iná ilé) 5 kW kan máa ń ti nǹkan bí amp 22 síta nígbà tí oòrùn bá mú, tí àwọn ará ilé sì ti lọ ibi iṣẹ́. Bí ilé náà bá fi mítà 300 jìnnà sí tiransifọ́mà, tí wáyà sì jẹ́ alumíníọ̀mù 35 mm², òun nìkan á fi bíi volt 11 kún iná ibẹ̀. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ pé mẹ́ta lórí féèsì kan (ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá), volt 230 fẹ́ẹ́ di 263 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ínfátà á ti já ní 253, á tún tan, á tún já. Aládùúgbò tí kò ní sólà rárá ni iná rẹ̀ á máa fò sókè fò sílẹ̀.

Níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà sí tiransifọ́mà, ló ń kó ìdààmú bá wa jù. Bí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, iná wọn máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀; bí sólà bá pọ̀ jù lórí ọ̀kan, ìyàtọ̀ náà á gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n tilẹ̀ dọ́gba, ìgbì kẹta, ìyẹn ìgbì 150 Hz tó yára ní ìlọ́po mẹ́ta ti iná 50 Hz wa, tí ṣájà àti gílóòbù LED máa ń dá sílẹ̀, kì í parẹ́. Ńṣe ló ń gorí ara rẹ̀. Wáyà á gbóná, ojú ìsopọ̀ á tú. Lọ́jọ́ tí níútírà bá já, ilé kan lè gba iná tó sún mọ́ volt 400, kí ti ilé kejì máa ṣe bàìbàì.

Ẹ fi kíláǹpù mítà true RMS (èyí tó ń ka iye gidi bí ìgbì bá tilẹ̀ dàrú) wọn féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti níútírà ní aago 12 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́. Mítà olówó pọ́ọ́kú máa ń dín iye kù bí ìgbì bá ti dàrú. Ẹ pín àwọn ilé onísólà sórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níútírà kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju féèsì lọ. Níbi tí kọ́pà bá ti pàdé alumíníọ̀mù, ìsopọ̀ onírin méjì ni kí wọ́n lò, torí èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ máa ń jẹra. Kí wọ́n sì tan ètò volt-watt inú ínfátà, kó máa dín agbára kù díẹ̀díẹ̀ láti volt 244. Volt-var, ètò mìíràn tó ń fi agbára reactive (èyí tí kì í ṣiṣẹ́ gan-an) darí volt, nìkan kò tó lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́.

A bẹ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kó máa béèrè àkọsílẹ̀ ìwọ̀n yìí kó tó fọwọ́ sí ìsopọ̀ sólà tuntun.

Àwa òṣìṣẹ́ iná,
Abuja.