Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa Tó Wà ní Èkó: Ẹ Jẹ́ Ká Gbin Ewé àti Egbò Padà Sínú Igbó Wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Agége, mo kí yín. Ẹ kú làálàá, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni mo ń kọ ìwé yìí lórúkọ ìgbìmọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá mo lọ ra egbò asọfẹ́yẹjẹ lọ́jà Ojúwòyè ní Mushin. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tí a ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré tú àpò, ó kó díẹ̀ síwájú mi. Mo mú ọ̀kan. Kò tó ọmọńdinrín ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ nígbà kan, egbò tó ki bí ọrùn ọwọ́ ni wọ́n máa ń là fún wa. Mo fi èékánná họ ara rẹ̀, ó ṣì tutù: ọmọ igi ni wọ́n fà tu tegbòtegbò. Màmá ní, "Ọmọ mi, ohun tí wọ́n ń rí nìyẹn o. Èyí tó gbó ti tán nínú igbó." Mo béèrè ibi tí wọ́n ti kó o wá. Ìlú wa ló dárúkọ.

Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo rántí igi ọ̀gànwó tó wà lẹ́yìn odò, èyí tí a máa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀ bí a bá ń ti oko bọ̀. Nígbà ọdún Àjíǹde tí mo lọ sílé, ó ti gbẹ. Wọ́n bó èèpo rẹ̀ yí po, láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè tó. Bẹ́ẹ̀, ara èèpo ni oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti ewé lọ sí gbòǹgbò; igi tí a bá bó yí po, ebi ló máa pa á. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n bó ni, ojú ibẹ̀ ì bá tún dì. Mi ò bá ẹni tó bó o wí. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹun, àwa tí à ń ra àgbo ní Èkó la sì ń fún un lówó.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe ni pé ká gbin ewé, egbò àti èso sábẹ́ àwọn igi ńlá tó kù, láìgé igbó, láìdáná sun ún. Éékà mẹ́wàá la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, Kábíyèsí sì ti fọwọ́ sí i. Àtaare kò fẹ́ oòrùn gangan, ibòòji ló ń bá a lára mu. Iyèré máa ń gun igi, nítorí náà igi tó wà lóòró ni ọ̀pá rẹ̀. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín yóò tẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀ lẹ́bàá odò, òun ló sì máa kọ́kọ́ mówó wá. Igi abẹẹrẹ, asọfẹ́yẹjẹ àti orógbó yóò tẹ̀lé e. Orógbó nílò sùúrù: ó lè lo ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ilẹ̀ kó tó hù, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà kó tó so. Ìdí nìyí tí a fi nílò nọ́sìrì àti ẹni tí yóò máa bomi rin ín lójoojúmọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ewé ilé lásán ni. Oògùn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tí NAFDAC fọwọ́ sí lọ́dún 2006, Nicosan, ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni ìlànà rẹ̀ ti wá kí àwọn onímọ̀ NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Àbújá, tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Iyèré àti osùn ń hù nínú igbó wa.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní ká la igbó náà, ká gbin pákí sí i. Mo gbọ́ wọn yé, owó pákí yá. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti kúrò, òjò kò ní pẹ́ gbá ilẹ̀ dúdú yẹn sínú odò. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Hẹ́kítà 75 ni, síbẹ̀ irúfẹ́ ewéko tó ju 400 lọ wà níbẹ̀, tó ju 200 lára wọn sì jẹ́ ti oògùn. Èèwọ̀ ló ṣọ́ ọ. Tiwa kò ní èèwọ̀ mọ́, àfi ká ṣọ́ ọ fúnra wa.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà (₦15,000) la ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún. Ẹ lè pín in sí mẹ́ta. Nọ́sìrì, táńkì omi, irúgbìn àti owó oṣù ọlọ́dẹ méjì la fẹ́ fi ṣe, akápò yóò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Àwọn tó ń kó èèpo àti egbò nílé ni a ó kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ṣe lẹ́kulẹ́ja ní Jánkárà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ohun tó wọ́n jù lọ́jà báyìí, kí a lè mọ èyí tí a ó gbìn pọ̀.

Ìpàdé wa ṣì jẹ́ Àìkú kejì nínú oṣù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ mú owó wá. Ẹni tó bá ní èso orógbó tútù, kó fi ewé wé e, kó má jẹ́ kó gbẹ, kó mú un dání.