Onímọ̀ ẹja nìkan kò lè dá ẹja là

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ẹja odò àti adágún tó ń parẹ́ lọ, inú mi sì dùn pé ẹ rántí wọn. Bí erin tàbí kìnnìún bá ń dínkù, gbogbo ayé á gbọ́. Ẹja kì í ké, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó lè tán pátápátá nínú odò kan kí ẹni tó ń gba orí afárá ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ má fura.

Ẹ kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dáàbò bò wọ́n. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ìbéèrè tèmi ni pé, àwọn wo là ń pè ní onímọ̀? Bó bá jẹ́ àwọn tó mọ ẹja nìkan ló ń bá ara wọn ṣèpàdé, ojú wọn báyìí ni ẹja yóò ṣe tán.

Omi tí kò níyọ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú ilẹ̀ ayé, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì gbogbo irú ẹja tó wà láyé ló ń gbé inú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ IUCN, tó ń ṣàkójọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, gbé àyẹ̀wò kíkún àkọ́kọ́ lórí wọn jáde. Irú ẹja 14,898 ni wọ́n yẹ̀ wò, 3,086 nínú wọn ló wà nínú ewu àtirun. Kí ló ń pa wọ́n? Ìdọ̀tí àti oògùn oko tó ń ṣàn wọ odò, dáàmù, omi tí à ń fà lọ síbòmíràn, ẹja àjèjì tí wọ́n dà sínú omi tí kì í ṣe tirẹ̀, àti pípa tó pọ̀ jù. Kò sí èyí tí ìkáwọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ onímọ̀ ẹja nínú gbogbo wọn. Ọwọ́ ẹnjiníà, àgbẹ̀, apẹja, ilé iṣẹ́ àti aṣòfin ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹja odò Yangtze ní Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Chinese paddlefish. Ó máa ń gùn tó mítà 7, imú rẹ̀ sì nà síwájú bí àjẹ̀. Òkè odò ló máa ń wẹ̀ lọ láti yé. Ní 1981 wọ́n fi dáàmù sé odò náà ní Gezhouba, àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gòkè mọ́. Ní 2003, àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan, wọ́n so ẹ̀rọ atọpinpin mọ́ ọn, wọ́n sì dá a padà sínú omi. Kò pẹ́ tí wọn kò gbúròó ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹja náà kò tún fojú kan ènìyàn láti ọjọ́ náà, IUCN sì kéde ní 2022 pé ó ti run. Ìmọ̀ kọ́ ni wọn kò ní. Ìmọ̀ wọn kò yí àwòrán dáàmù náà padà nígbà tó yẹ. Láti oṣù Kínní 2021 ni Ṣáínà ti fòfin de ẹja pípa lórí odò náà fún ọdún 10, òfin tó dára gan-an ni, àmọ́ fún ẹja yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹja kan wà ní aginjù Nevada ní Amẹ́ríkà tí tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Devils Hole pupfish ni orúkọ rẹ̀, kò gùn tó ìka ọwọ́. Ihò àpáta kan ṣoṣo ló ń gbé ní gbogbo ayé. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, pèpéle àpáta kan tí omi kàn bò fẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ó ti ń jẹ, tó ti ń yé. Nígbà tí àwọn tó ń dáko nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, omi ihò náà ń lọ sílẹ̀, pèpéle náà sì ń yọ síta. Onímọ̀ ẹja rí i pé ewu dé. Onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ló lè fi hàn pé ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ló fà á, agbẹjọ́rò ló sì gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó dájọ́ ní 1976 pé kí wọ́n dín omi fífà kù. Títí dòní ni àwọn omùwẹ̀ ń wọ inú ihò yẹn lọ ka ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ka 35 ní 2013, wọ́n ka 191 ní 2024. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì tìtì, ìgbì omi gbá oúnjẹ àti ẹyin kúrò lórí pèpéle, iye wọn sì já sí 38 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Àmọ́ wọ́n ti mọ táńkì ńlá kan sítòsí, tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ihò náà, wọ́n sì ń sin ẹja náà síbẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí a kì í kà mọ́ onímọ̀ rárá, ìyẹn àwọn tó ń sin ẹja sínú àpótí dígí nílé. Nígbà tí ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ Zoogoneticus tequila tán nínú odò Teuchitlán ní Mẹ́síkò, irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ irú àwọn asìnja bẹ́ẹ̀. Ní 1998, tọkọtaya ẹja náà márùn-ún kúrò ní ọgbà ẹranko Chester ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọwọ́ yunifásítì Michoacana ní Mẹ́síkò. Wọ́n ń bí sí i. Nígbà tó yá, wọ́n kó akọ 40 àti abo 40 sínú adágún tí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń wá oúnjẹ fúnra ẹni àti bí a ti ń sá fún ọ̀tá, kí wọ́n tó dá irú wọn padà sí odò. Àwọn ará àdúgbò odò náà náà kọ́ bí a ti ń ṣọ́ omi. Bí àwọn yẹn kò bá sí níbẹ̀, inú ìdọ̀tí tó pa èyí àkọ́kọ́ ni wọn ì bá tún da ẹja sí.

Ẹnjiníà pàápàá lè tún nǹkan ṣe. Ní 2024 wọ́n parí wíwó dáàmù mẹ́rin lórí odò Klamath ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ẹ̀yà Yurok àti Karuk ti jà fún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà gan-an, ẹja salmon ti gòkè kọjá ibẹ̀, dé ibi tí irú rẹ̀ kò dé láti ohun tó ju 100 ọdún lọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi rè é. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìròyìn dáàmù tuntun tàbí iṣẹ́ omi fífà jáde, ẹ bi àwọn tó ni iṣẹ́ náà léèrè ṣáájú: onímọ̀ ẹja wo ló bá yín jókòó kí ẹ tó yàwòrán? Apẹja wo lẹ fọ̀rọ̀ lọ̀? Ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde, bí wọn kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín