Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Kánádà: Sístà Wa Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwárà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ tí òtútù Kánádà ń bá fínra. Sístà, ọ̀gá ilé-ìwé wa, fẹ̀yìntì ní oṣù tó kọjá, ìṣojú mi ni wọ́n sì ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀: báàgì méjì àti páálí ìwé kan. Mo dúró, mo ń retí kí awakọ̀ padà wọlé lọ gbé ìyókù, àfi ìgbà tí ó ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ pa.

Láti ìgbà tí èmi náà ti di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ìgbésí ayé wọn. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, àpò ẹgbẹ́ àwọn sístà ni owó oṣù wọn ń lọ nítorí ẹ̀jẹ́ òṣì tí wọ́n jẹ́, kò sì sí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yàn nínú gbogbo ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá. Ìwé á kàn dé láti ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò tíì sí kànga, wọ́n á sì lọ; ẹ̀jẹ́ ìgbọràn nìyẹn. Èmi tí mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ìlọrin wá sí Ọ̀fà níhìn-ín!

Ẹgbẹ́ OLA (Our Lady of Apostles), ẹgbẹ́ àwọn sístà Kátólíìkì, ni tiwọn, èyí tí Fádà Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1876, kí àwọn obìnrin lè máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí ọwọ́ àwọn fádà kò tó. Ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù ní àwọn ọdún 1970 kí Sístà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà abẹ́ ìjọba ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, kí wọ́n tó bọ́ sí àwọn ilé-ìwé tí ìjọ Kátólíìkì fi owó ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn náà.

Wọn kì í ṣe ẹni rírọ̀ o. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ọ̀fà tó lè bá Sístà wọ̀dìmú lórí gígùn síkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, nígbà tí owó ilé-ìwé mi kò pé, àpò ànàmọ́ mẹ́fà ni bàbá mi kó wá. Sístà gbà á fún ilé ìdáná, wọ́n sì já rìsíìtì fún bàbá mi, wọ́n kọ "ànàmọ́, àpò mẹ́fà" síbi tó yẹ kí iye owó wà. Rìsíìtì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ǹjẹ́ o rántí Rámádánì ọdún tí a wà ní kíláàsì kẹta? Alásè ní òun kò lè máa jí dáná sààrì fún ọmọ mẹ́tàdínlógún nílé-ìwé Kátólíìkì. Sístà kò bá a jiyàn. Kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù, àwọn ni a rí pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, tí wọ́n ń ka ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń jí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sè sì ti wà lórí tábìlì. Ní ìdí Máàsì àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí wọn tí wọ́n ń tòògbé; n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ọjọ́ kẹta ni alásè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Nígbà tí ìbúgbàmù Abúlé-Àdó ní Èkó pa Sístà Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé-ìwé Bethlehem Girls' College, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé náà jáde, àwọn tíṣà sọ fún mi pé Sístà tiwa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n ní kí ó la ìlẹ̀kùn kejì sí gbogbo ilé tí àwọn ọmọ ń sùn.

Wọ́n béèrè rẹ o, wọ́n ní, "Èyí tí kì í jẹ ẹ̀wà ńkọ́?" Mo ti ra fóònù kékeré kan fún wọn kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n mú sùúrù ná, àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ olórí kọ́ńfẹ́ǹtì, ẹni tí àwọn fúnra wọn kọ́ ní ìwé kíkà. A ṣì ń retí èsì. Bí ó bá ti dé, n ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan náà.